Igbá Òrí Tí Wọ́n Fi Rán Ará Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Mùínà, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹkún náà tó. Mo ti gbọ́. Wọ́n ti dá eré tí ò ń wò dúró, wọn ò sì sọ fún yín bóyá ọmọbìnrin inú rẹ̀ fẹ́ ẹni tó yẹ kó fẹ́ tàbí kò fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ ní irú ẹkún wo lèyí, pé òun ò rí àgbàlagbà tó ń sunkún nítorí fóònù rí. Èmi ò ní bá a dá ọ lẹ́bi. Ojú mi báyìí ni gbogbo àdúgbò wa ní Sàbónjídà, ní Tàmálè níbí, ṣe sunkún nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n wà nínú wọn.

Ohun tó ń ká mi lára nípa tiyín ni pé kálukú ń dá a wò ni. Bí mo bá dùbúlẹ̀ sí yàrá mi nínú ilé Kálpòhìn yìí, mo máa gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín ní kíṣìnnì, ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ò sì jọra. Ẹ ti fi nǹkan dí etí. Bí mo bá ní kí lẹ rí, ẹ á ní, “Màámá, kò ní yé yín.” Bóyá kò ní yé mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ló mọ ohun tó fà á.

Ilé wa nígbà náà, yàrá ló yí àgbàlá ká. Àwa Yorùbá wà ní apá kan, àwọn Dàgòḿbà tó ni ilẹ̀ wà ní apá kejì, onílé fúnra rẹ̀ jẹ́ Háúsá, Máìgídá là ń pè é. Òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí a bá ti kí ìrun ìṣáì tán, á gbé e jáde sórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á ká aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ fi bò ó kúrò, á sì yẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó gbé ìyàwó tuntun wọlé. Òpó áńtẹ́nà wà lẹ́yìnkùlé, ó máa ń han bí wọ́n bá ń yí i. Ẹni tó ń yí i á pariwo pé, “Ó ti dáa?” Àwa á ní, “Kò tíì dáa.” Àwọn awó tó ti sùn sórí igi á jí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ariwo á ta, àwòrán á sì wá dé nígbà tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀ mọ́. Èmi máa ń ti ọjà dé, màá ti palẹ̀ òwú àti sípì àti bọ́tìnnì mi mọ́ láti ìrọ̀lẹ́, kí n lè rí àyè sí lórí ẹní.

Ohun tí gbogbo wa ń wò ni eré apanilẹ́rìn-ín kan tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan nínú ìlú ń ṣe. Háúsá ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. Ní tiwa, Àgbàlá Kan là ń pè é, nítorí àgbàlá àwọn ayálégbé kan ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Bàbá yín àgbà sì wà nínú eré náà. Ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀ lára ògiri, ẹ rò pé télọ̀ lásán ni. Télọ̀ ni lóòótọ́. Ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ ló jókòó sí lọ́jọ́ tí ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n náà gbé aṣọ wá fún un pé kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Bàbá yín àgbà wo aṣọ náà síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ọ̀gá, aṣọ yìí ò fẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi.” Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kó tó dìde níbẹ̀, ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa sọ bẹ́ẹ̀ nínú eré.

Ipa tí wọ́n fún un ni ti télọ̀ Yorùbá kan tó ń sọ lójoojúmọ́ pé òun ń lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ á dé, nǹkan á dí i lọ́wọ́: oníbàárà ò tíì wá gba aṣọ, ewúrẹ́ ti jẹ bàtà rẹ̀, ẹ̀yìn ń ro ó. Máì Táfíyà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí arìnrìn-àjò, fún ẹni tí kì í rin ìrìn àjò kankan. Kò pẹ́ tí gbogbo Tàmálè fi gbàgbé orúkọ rẹ̀ gan-an. Bó bá gun kẹ̀kẹ́ wọ ọjà, àwọn alápatà á na ọ̀bẹ sí i pé, “Máì Táfíyà, o ò tíì lọ?” Òun náà á ní, “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sí eré púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ níbẹ̀ náà ló ń sọ fún mi nílé. Láti ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ ti kú ni kò ti fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún tó ń bọ̀ ló sì máa ń lọ ní gbogbo ìgbà.

Ilé iṣẹ́ náà ò lówó lọ́wọ́. Oníṣòwò ọṣẹ kan ní Kùmásí ló ń gbọ́ bùkátà eré náà, láti sáà kan dé òmíràn. Bí sáà bá ti ń parí lọ, ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n á lọ bá a, olóṣẹ á sì ní òun á rò ó wò. A kì í mọ èyí tó máa sọ: ká máa bá a lọ ni, àbí ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀gá náà, ọmọ Dàgòḿbà oníwà tútù kan, kò fẹ́ fi àwọn èèyàn sílẹ̀ sí ipò tí Mùínà wà lónìí yìí. Ó wá bá bàbá yín àgbà dá ọgbọ́n kan. Ní ìparí gbogbo sáà, Máì Táfíyà á di ẹrù rẹ̀, á dágbére fún ará ilé, á sì forí lé sítéṣọ̀n. Bí olóṣẹ bá ní kí wọ́n tẹ̀síwájú, ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà Yẹ́ńdì nìyẹn, ó padà wálé. Bó bá ní ó tó, a jẹ́ pé ó ti délé rẹ̀ ní àlàáfíà, kò sì sẹ́ni tó máa dààmú nítorí rẹ̀.

Ọgbọ́n náà dára. Ohun tí ọ̀gá ò mọ̀ ni irú èèyàn tí àwa jẹ́. Yorùbá tó ń gbé ilẹ̀ yìí, bó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń lọ sílé, ẹrù ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí Máì Táfíyà kọ́kọ́ di ẹrù lórí tẹlifíṣọ̀n, mo ṣílẹ̀kùn láti gbálẹ̀, mo rí èèyàn tó tò sí ẹnu ọ̀nà wa, ẹrù wà lọ́wọ́ kálukú. Ẹnì kan mú bàtà wá fún àbúrò rẹ̀. Ẹnì kan di aṣọ. Wọ́n ní wọ́n tètè wá ni kí ọkọ̀ má baà ti gbéra. Bàbá yín àgbà jáde, pákò wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, eré ni.” Ọkùnrin kan dá a lóhùn pé, “A mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n ṣebí o di ẹrù?”

A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀pọ̀ wọn gbé ẹrù wọn padà. Ìyá Sàbí nìkan ni kò gbé tirẹ̀. Àgbà obìnrin ni, yàrá tó tẹ̀ lé tiwa ló ń gbé, igbá òrí kan tó fi aṣọ funfun dì ló gbé wá. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, “Fún Àbẹ̀kẹ́. Bí o ò bá lọ, wàá dá a padà fún mi.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àbẹ̀kẹ́ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí wọ́n ń mú Ìyá Sàbí bọ̀ níyàwó sí ilẹ̀ yìí, Àbẹ̀kẹ́ ló ru ẹrù rẹ̀ dé ibi tó ti wọkọ̀, ó ní kó fi òrí ilẹ̀ ibí ránṣẹ́ sí òun, àwọn kan ti sọ pé ó dára. Ìyá Sàbí ní kó máa retí rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ọyẹ́ ti dé ó ti lọ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ẹni tó kọ́kọ́ fi rán, Èkó ló mọ. Ẹni kejì dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò mọ agbo ilé wọn. Ọmọ rẹ̀ Sàbí wà ní Kùmásí, kò ráyè. Bàbá yín àgbà sì rèé, ẹ̀yìn agbo ilé yẹn gan-an ni wọ́n ti bí i.

Eré wá bí eré. Nígbà tí olóṣẹ ní kí wọ́n tẹ̀síwájú, bàbá yín àgbà bu eruku ilẹ̀, ó fi pa ojú àti irùngbọ̀n, ó gbé igbá lọ fún Ìyá Sàbí, ó ní, “Ẹ má bínú, ọkọ̀ bàjẹ́ ní Yẹ́ńdì.” Gbogbo ará ilé ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Láti ìgbà náà ló ti di àṣà. Bí sáà bá ti parí, gbogbo àdúgbò á gbé ẹrù wá, àwọn ọmọdé á máa lu páànù, àwọn obìnrin á se túò záfì lọ́pọ̀ yanturu. Obìnrin Dàgòḿbà tó ń gbé òdìkejì wa, tí kò mọ ẹnì kankan ní Ògbómọ̀ṣọ́, á di irú sínú ewé, á ní, “Fún ẹnikẹ́ni tí o bá kọ́kọ́ rí.” Tí ìròyìn bá wá dé pé eré ń tẹ̀síwájú, bàbá yín àgbà á tún pa eruku lójú, á máa lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, á máa dá ẹrù padà, á sì máa purọ́ oríṣiríṣi nípa táyà àti bíréèkì. Mo ti rí ọdún iléyá tí ayọ̀ rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Sàbí nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Á gba igbá rẹ̀, á ní, “Ó dáa. Ìgbà mìíràn.” Òrí á sì ti pẹ́ jù, á yọ ọ́ kúrò, á fi pa ara, á lọ ra tuntun fún sáà tó ń bọ̀.

Mo wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ká aṣọ, mo gbọ́ tó ń ṣe àdúà lórí ẹní. Ó ní, “Ọlọ́run Ọba, jẹ́ kí olóṣẹ yẹn sọ pé ó tó.” Inú bí mi débi pé mo ju aṣọ sílẹ̀. Mo yọjú sí i, n kò tiẹ̀ kí i.

“Ìyá Sàbí, gbogbo Tàmálè ń bẹ Ọlọ́run kí eré yìí má parí. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń bẹ̀ ẹ́ kó parí? Ẹ ò rí bí inú baálé mi ṣe ń dùn?”

Ó yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. “Ìyá Rábí, mo rí i. Ṣùgbọ́n bí eré yẹn bá ń lọ, ọkọ̀ yóò máa bàjẹ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá a dúró ni ọkọ rẹ máa tó dé Ògbómọ̀ṣọ́.”

“Eré ni, ìyá.”

“Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni? Ṣùgbọ́n sọ fún mi, ibòmíràn wo ni ọkọ rẹ ti ń di ẹrù?”

Mo lọ ká aṣọ mi. Láti ọjọ́ náà, bí a bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, àárín àwọn méjèèjì ni ojú mi máa ń wà, bàbá yín àgbà tó ń wo ara rẹ̀ bí ọmọdé tó rí dígí, àti ìyá arúgbó yẹn tó di etí aṣọ rẹ̀ mú. Àánú àwọn méjèèjì ń ṣe mí, mi ò sì mọ èyí tí mo lè bá bẹ Ọlọ́run nínú wọn.

Sáà tó dé lẹ́yìn ìyẹn ló gbẹ̀yìn. Àdúgbò ti kó ẹrù wá sílé wa tán, a ń retí ìròyìn, ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló gun alùpùpù wá. Ó ṣí fìlà, a fún un lómi, kò mu ún. Ó ní olóṣẹ ti rí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń fi Dàgbánlì, èdè àwọn Dàgòḿbà, túmọ̀, owó pọ́ọ́kú ni, kò sì sí òṣèré kankan nínú rẹ̀ tó máa béèrè oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá yín àgbà ní, “Kò burú, ọ̀gá. Ẹ ṣeun.” Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo wọ yàrá lọ sunkún. Ní ìta, àwọn ọkùnrin tí mo sọ fún yín náà ń fi etí agbádá nu ojú, wọ́n ní eruku ni.

Ẹrù wà nínú yàrá wa, kò sẹ́ni tó wá béèrè tirẹ̀. Igbá òrí wà lórí wọn. Bàbá yín àgbà ń wò ó, èmi náà ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, “Ìyá Rábí, mi ò lè dá igbá yẹn padà fún un.”

“Kí ló dé?”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọkọ̀ ò bàjẹ́.”

Ó dìde nídìí ẹ̀rọ.

“Bá mi wá àpò mi,” ó ní.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní fi pa mọ́ fún yín. Mo ti rí ọkùnrin tó ní òun ń lọ kí ilé, tí ilé sì gbà á, tí kò padà mọ́. Ohun tó fẹ́ràn jù ní Tàmálè ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Mo di àpò náà fún un, mo fi aṣọ yí igbá ká kó má baà dà. Gbogbo àdúgbò ló sìn ín dé sítéṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó lu páànù. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, àwọn ọmọdé jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń retí kó padà dé pẹ̀lú eruku lójú. Ilẹ̀ ṣú, a ní kí wọ́n wọlé.

Bí mo bá dé ọjà, wọ́n á ní, “Ìyá Rábí, ọkọ̀ ti bàjẹ́?” Màá ní rárá, wọ́n á yíjú sí ọjà wọn. Ìyá Sàbí kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn máa ń gbé àga wá sí ẹnu ọ̀nà tèmi, ká jọ jókòó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá yín àgbà dé, mò ń gún ata. Ó ti rù, eruku tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó bù láti ilẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì padà sí ipò rẹ̀. Kò dúró mu omi. Ọ̀dọ̀ Ìyá Sàbí ló gbà lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

“Mo bá Àbẹ̀kẹ́, ìyá. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Mo gbé igbá lé e lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bù ú pa orúnkún níṣojú mi.”

“Kí ló ní kó o sọ fún mi?”

Bàbá yín àgbà wolẹ̀. “Ẹ má bínú, ìyá. Ó ní kí n sọ fún yín pé ó pẹ́.”

Ìyá Sàbí wò ó, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, èmi àti bàbá yín àgbà la dì í mú. “Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn,” ó ní. “Òun gan-an ni. Ká ní ó dúpẹ́ ni, ǹ bá ní ẹlòmíì lo gbé e fún.”

Bàbá yín àgbà yọ igbá náà nínú àpò, ó ní Àbẹ̀kẹ́ ti kó òrí inú rẹ̀ sínú ìkòkò, ó ní kí òun mú òfìfo rẹ̀ padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Kò dá ẹrù padà, ìkíni ló ń pín. Bàtà ti dé ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín, aṣọ ti dé ọrùn. Irú obìnrin Dàgòḿbà wa, ìyá kan tó ń gbálẹ̀ ní iwájú ibùdókọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbà á, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iná ààrò ẹni tó fi ránṣẹ́ kú. Ohùn Máì Táfíyà ló fi ń jẹ́ gbogbo iṣẹ́ náà, pẹ̀lú irọ́ nípa táyà. Gbogbo àdúgbò ń tẹ̀ lé e káàkiri. Ìparí Àgbàlá Kan gan-an nìyẹn, mo rí i, tẹlifíṣọ̀n kankan ò gbé e.

Ìyá Sàbí tiẹ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ lọ bá ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré padà, pé òun ti ṣe tán. Ọ̀gá náà tẹ́tí sí i dáadáa. Ó ní agbára òun ò ká a, ó sì rìn sìn ín délé.

Bàbá yín àgbà mọ̀ pé ó parí. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ. Ní òwúrọ̀ kan, ó fẹ́ jáde lọ kírun, ó ṣílẹ̀kùn, ó dúró. Mo ní kí ló rí. Igbá òrí ló wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ funfun tuntun ni wọ́n fi dì í, ó kún dé ẹnu. Ìyá Sàbí ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń yí tẹ̀sùbáà, kò wo ọ̀dọ̀ wa.

Bàbá yín àgbà bẹ̀rẹ̀, ó gbé igbá náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ sì tàn bí ó ṣe máa ń tàn ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

“Ìyá Rábí,” ó ní, “wọ́n ní ká máa bá a lọ.”